85 yẹn, Ọ̀yọ́ wo ló ni ín?

 

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ l'Ọ́jà Akẹ̀sán, l'Ọ̀yọ́. Ìyá aláṣọ kan ní nínú ìbò 100 tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dì fún ààrẹ ní 1979, UPN Olóyè Awólọ́wọ̀ gbà ju 85 lọ. Bàbá télọ̀ kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, dáhùn pé: "Ìyá, Ọ̀yọ́ wo lẹ ń wí?"

Ìbéèrè gidi ni wọ́n bi í! Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà wà nínú Ọ̀yọ́ ìgbà yẹn. Ọdún 1991 l'Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ yapa. Ìrẹsì méjì tí a ti pò pọ̀ ni 85 yẹn, ẹ jàre.

Báwo la ó ṣe mọ ti Ọ̀yọ́ òde òní? Ká kó èsì ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan jáde, ká yọ àwọn tó bọ́ sí Ọ̀ṣun, ká ro ìyókù pọ̀. Bí ààlà bá gba àárín wọ́ọ̀dù kan, iye olùdìbò apá méjèèjì la ó fi pín in. Àfojúbù nìyẹn, kì í ṣe òótọ́ pọ́ńbélé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná nìkan o. Lónìí, Ògbómọ̀ṣọ́ Àríwá, Gúúsù àti Oríire ló jọ ń yan aṣojú kan lọ sí Àbújá. Bí òṣèlú bá ní àdúgbò yín ò dìbò fún òun, pé ẹ má retí omi ẹ̀rọ, ẹ bi í: ìbò ta lò ń kà?

Ìyá aláṣọ ní àwọn ò ní jáwọ́ nínú 85 àwọn. Mo ní kí wọ́n máa dárúkọ Ọ̀ṣun mọ́ ọn.