Ẹ Kọ Oògùn Tí Ẹ Lò Sílẹ̀

Nígbà tí àìsàn bá gbé ènìyàn dè ní Ìwópin tàbí Abígi, ní ìhà Ogun Waterside, kì í sábà jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ni a kọ́kọ́ ń gbé e lọ. Kẹ́místi ni, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn kékeré, kí a tó wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù. Ọ̀ràn àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: Àgọ́-Ìwòyè ni Yunifásítì Ọlábísí Ọnábánjọ wà, ṣùgbọ́n Ṣágámù ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ wà.

Gbogbo ibi tí aláìsàn bá ti dúró lọ́nà ni a ti ń fún un ní oògùn. Nígbà tí yóò bá fi dé yàrá ìtọ́jú àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kan wà láyé, tí èkejì wà lọ́run, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìbátan tí ó tẹ̀ lé e kò sì mọ̀ ju pé "wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́". Abẹ́rẹ́ wo? Mélòó? Ní agogo mélòó? Oníṣègùn tí kò mọ èyí lè tún fún un ní oògùn kan náà lẹ́ẹ̀kejì, tàbí èyí tí yóò bá ti àkọ́kọ́ jà nínú ara.

Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, inú iṣan ni ọ̀pọ̀ oògùn ń gbà wọlé. Ẹ wo potassium chloride: bí a bá pò ó mọ́ omi púpọ̀, tí a fà á sára díẹ̀díẹ̀, ìwòsàn ni, bí a bá gún un ní ògidì, ó lè dá ọkàn dúró lójú ẹsẹ̀. Láti 2007 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gba gbogbo ayé nímọ̀ràn pé kí a kó ògidì rẹ̀ kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ní 2017, àjọ náà tún ní kí a dín ìpalára ńlá tí àṣìṣe oògùn ń fà kù sí ìdajì láàárín ọdún 5. Ọdún 5 náà ti kọjá tipẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa yóò tètè mọ èyí: bí ẹnì kan bá fi ìkánjú kọ 1.0, tí àmì àárín rẹ̀ kò hàn, 10 ni ẹlòmíràn yóò kà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, máàkì kan ni yóò pàdánù.

Àwọn kan yóò ní ayédèrú oògùn àti oògùn olóró ni ìṣòro wa. A kò gbàgbé My Pikin, oògùn eyín tí ó pa ọmọ tí ó lé ní 80 ní orílẹ̀-èdè yìí láàárín 2008 sí 2009, nítorí diethylene glycol, májèlé tí ń ba kíndìnrín jẹ́, tí ó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ NAFDAC ni láti ṣọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n oògùn gidi tí a lò ní ìlòkulò lórí ibùsùn aláìsàn, NAFDAC kò sí níbẹ̀ láti rí i.

Àwa kò bá nọ́ọ̀sì jà. Ẹni tí ó ń nìkan ṣọ́ ọ̀pọ̀ aláìsàn lóru, àánú ni ó ń ṣe wá. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fún aláìsàn ní oògùn, ìbáà ṣe kẹ́místi, kí ó kọ orúkọ oògùn náà, ìwọ̀n rẹ̀ àti wákàtí tí ó lò ó sínú ìwé, kí ìwé náà sì bá aláìsàn lọ. Kí apòògùn sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru bí ó ti ń wà lọ́sàn-án. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, nígbà tí olùdíje yín bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í léèrè: apòògùn mélòó ni yóò gbà síṣẹ́, mélòó nínú wọn ni yóò sì dé Abígi?