Kòkòrò Tó Ń Jẹ Obì

Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn ìyá olóbì lọ́jà Ṣàgámù yóò mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ obì kì í ṣe ohun tí à ń dì tán tí à ń gbàgbé sí kọ̀rọ̀. Bó bá ti pẹ́ díẹ̀, wọn á tú u, wọn á ká ewé kúrò, wọn á máa ṣa obì náà níkọ̀ọ̀kan, wọn á yí i síwá, wọn á yí i sẹ́yìn. Èyí tí ihò bíńtín bá wà lára rẹ̀, wọn á yọ ọ́ sọ́tọ̀. Wọn á pààrọ̀ ewé tó ti gbẹ, wọn á tún un dì. Wọn kì í tú u lójoojúmọ́, torí obì tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí á gbẹ dànù. Wọn kì í sì í dúró dìgbà tí lẹ́búlẹ́bú bá ń dà nídìí apẹ̀rẹ̀. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ nídìí irú apẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti pa òwe wa yìí: kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Bí ará ilé bá ta ará ilé ni a sábà máa ń pa á, mi ò sì ní kí a má pa á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo obì gan-an. Látorí igi ni kòkòrò náà ti lè wọlé, kí wọ́n tó já a, kí wọ́n tó bó o. Obì ń dán, ó pupa fòò, a gbé e síwájú àlejò. Ìgbà tí a là á ni àṣírí tú. Ohun tí yóò ba nǹkan jẹ́ ti lè bá a wọlé láti ọjọ́ kìíní, kí ara rẹ̀ ṣì máa dán. Aago ọwọ́ bàbá mi ló jẹ́ kó yé mi.

Rolex Datejust ni, irin àti wúrà, ọdún 1984 ni Bàbá rà á ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ mọ bí ìran tiwọn ṣe ka aago yẹn sí: agbádá ò tíì pé bí kò bá yọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí Bàbá papò dà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló jogún rẹ̀. Láti 2003 tí Bàbá ti gbé e lọ fún sáfíìsì kẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò tú u mọ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó yẹ ká gbé aago yìí lọ fún sáfíìsì o."

"Aago tó ń ṣiṣẹ́ lo fẹ́ lọ tú? Gbọ́ ọ." Ó gbé e sí mi létí. Lóòótọ́ ló ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ti ahun. Ẹ̀rù ló ń bà á pé ẹni tí a bá gbé e fún lè yọ ojúlówó inú rẹ̀, kó fi ayédèrú dí i. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀. Sáfíìsì rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Rolex kì í sì í ṣe owó kékeré. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn ni.

Irú aago yìí ò ní bátìrì. Sípíríǹgì kan tí wọ́n ká jọ ló ń fún un lágbára. Bí a bá ti ń ju apá, irin kan tó ń yí nínú rẹ̀ ló ń ká sípíríǹgì náà. Agbára yẹn ń ti ara wíìlì eléyín kan bọ́ sí òmíràn, títí dé orí wíìlì kan tó ń mì ní ìgbà 28,800 ní wákàtí kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹjọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́dún kan, ó lé ní mílíọ̀nù 250. Ẹnu àwọn wíìlì yẹn tín-ín-rín bí irun orí, inú òkúta pupa wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń jókòó sí, ọ́ìlì tó sì ń bẹ níbẹ̀ kò tó orí abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ti de ẹ̀yìn aago ni ọ́ìlì yẹn ti ń gbó lọ. Ó ń ki, ó ń gbẹ, ó ń ṣí kúrò níbi tí wọ́n fi sí. Ẹni tó gbé tiẹ̀ pamọ́ sínú àpótí, tó lérò pé òun ń dá a sí, ọ́ìlì tiẹ̀ náà ń gbó. Bó bá ti lọ, irin á máa ha irin, lẹ́búlẹ́bú irin á pò mọ́ ìwọ̀nba ọ́ìlì tó kù, á wá dà bíi sáńpépà. Síbẹ̀ aago ń lọ. Sípíríǹgì lágbára, ó ń ti wíìlì lọ tipátipá. Ìtànjẹ ibẹ̀ nìyẹn.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi títí ó fi gbà pé ká kàn lọ wò ó. Bàbá kan wà ní Ìbàdàn tó ti ń tún aago ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó nu tábìlì rẹ̀, ó gba aago, kò ṣí i. Orí ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbọ́ ohùn aago ló kọ́kọ́ gbé e lé. Ẹ̀rọ náà sọ iye tí aago ń fi yára tàbí tó fi ń falẹ̀ lóòjọ́: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ni tiwa fi ń falẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó bojú wò mí.

"Ẹ ṣì ní sùúrù, sà," ni bàbá náà wí. Ó tọ́ka sí nọ́ńbà kejì, èyí tó ń sọ bí wíìlì tó ń mì náà ṣe ń ju ara rẹ̀ jìnnà tó. Aago tí ara rẹ̀ le, bí a bá ká a tán, á mì dé nǹkan bíi 270 digíríì, àní títí dé 300. Tiwa kò ju 190 lọ. "Ó ń rìn geere o, àmọ́ ó ti ń mí hẹlẹ."

Ìgbà náà ló tó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, tó fi awò ojú kan lé mi lọ́wọ́. Lábẹ́ irin tó ń yí yẹn, ohun dúdú kan yí ìdí rẹ̀ ká bíi tìróò. Bàbá náà fi ṣóńṣó igi kan tọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó gbé e sábẹ́ iná. Ó ń dán yẹ́ríyẹ́rí. Irin ni. Ara aago náà ló ń kúnná.

"Kòkòrò tó ń jẹ obì," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Kò parí rẹ̀.

Ìgbà wo wá ni ó yẹ ká gbé aago lọ fún sáfíìsì? Rolex ní bí ọdún 10 síra wọn; Omega, ilé iṣẹ́ aago mìíràn, ní ọdún 5 sí 8. Mi ò ka ìyẹn sí òfin, torí ẹni tó sọ ọ́ kò mọ ọwọ́ tí aago wà, bóyá ọwọ́ bíríkìlà ni tàbí ti akọ̀wé. Ohun tí mo gbà ni tàwọn ìyá olóbì: ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún kan tàbí méjì, ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn yẹn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò ní tú nǹkan kan. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ ṣúlẹ̀, tó tún dá dúró kílẹ̀ tó mọ́, ó ń pè yín. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì dára, ẹ fi sílẹ̀, kódà bí ọdún rẹ̀ bá pé. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣí aago ni eruku àti ẹnu irinṣẹ́ ń rọ́nà wọlé.

Àìsàn kan sì wà tí kì í ṣe ti kòkòrò yìí. Aago tó ṣàdédé ń sáré, tó ń fi ìṣẹ́jú mélòó kan ṣíwájú lóòjọ́, ó ṣeé ṣe kí máágínẹ́ẹ̀tì ti mú un, bóyá ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tàbí ti àpò fóònù. Kíá ni wọ́n ń yọ ìyẹn, láìṣí i rárá. Ti omi ni kò gbọdọ̀ dúró dọ̀la. Rọ́bà tó ń dènà omi máa ń kú, òógùn tiwa kì í sì í jẹ́ kó pẹ́. Bí ooru omi bá ti bo abẹ́ gíláàsì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Bàbá náà ì bá gbowó lọ́wọ́ wa, kò gbà. Ó ní, "Fífọ̀ ni mo lè fọ̀ ọ́. Ìdí irin yìí ti jẹ, mi ò sì ní ojúlówó tí n ó fi rọ́pò rẹ̀." Rolex kì í ta ẹ̀yà aago rẹ̀ fún gbogbo oníṣẹ́ aago; a wá pinnu láti fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kí a tó kúrò, ó kìlọ̀ ohun kan fún wa: kí a ní kí wọ́n má pa ara rẹ̀ dán, kí wọ́n má sì pààrọ̀ ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti fi aago àtijọ́ ránṣẹ́, tí wọ́n gbà á padà pẹ̀lú ojú tuntun, tí ojú àtijọ́ di àwátì. Ní oṣù kẹwàá 2017, Rolex Daytona tí òṣèré Amẹ́ríkà nì, Paul Newman, lò rí pa dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù 17 ní gbàǹjo ní New York. Kì í ṣe dídán ni wọ́n ń rà níbẹ̀.

Ti ẹ̀gbọ́n mi kò kan gbàǹjo. Etí aago Bàbá ní ibì kan tó ti ya, ẹnu géètì irin ilé wa ló ya á, lọ́jọ́ tí Bàbá ń sáré gbé mi jáde lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà náà. Nígbà tí a ń di aago náà, ẹ̀gbọ́n mi ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé pélébé kan, ó fa ọfà sí ibi tó ya yẹn, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún èyí ṣe."