Koríko Púpọ̀ Kò Ba Oko Jẹ́ Tó Koríko Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ra ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Òrè, ẹ̀yin káfíńtà wa tí ẹ ń fi pákó mẹ̀línà ṣiṣẹ́, ṣé ẹ mọ̀ pé inú oko kan náà ni ẹrù ẹ̀yin méjèèjì ti lè wá? Bẹ́ẹ̀ ni o! Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Igi ò ṣeé jẹ. Ẹni tó gbin igi lónìí á pẹ́ kó tó gé pákó, ebi ò sì ní dúró dè é. Ìdí nìyí tí àwọn ará fọ́rẹ́sítì fi máa ń pín ilẹ̀ igbó ìjọba fún àgbẹ̀. Àgbẹ̀ á gbin ẹ̀gẹ́, iṣu, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sáàárín àwọn igi kéékèèké. Bí ó bá ti ń ro oko oúnjẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ro ìdí igi ìjọba. Ìjọba ò san owó alágbàṣe, àgbẹ̀ sì rí ilẹ̀ ọlọ́ràá dá oko sí. Táúńgíà ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Burma ni, oko orí òkè ni ìtumọ̀ rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1850 ni wọ́n ti fi ń gbin igi tíìkì níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920 ló dé Nàìjíríà, ní igbó Sapoba lẹ́bàá ìlú Benin. Nígbà tó yá, wọ́n lò ó ní igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní igbó Oluwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti ní igbó Gambari lẹ́bàá Ìbàdàn.

Bí wọ́n bá gbin mẹ̀línà ní mítà 3 sí mítà 3, éékà kan gba nǹkan bí 450 igi. Ọdún méjì sí mẹ́ta, ewé wọn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé lókè, òjìji á bo ilẹ̀, àgbẹ̀ á sì kó ẹrù rẹ̀ lọ síbòmíràn. Àdéhùn ẹni méjì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnì kẹta wà tí ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ pè. Koríko ni!

Ẹ wo ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba éékà kan. Wọ́n ti ṣán igbó, wọ́n ti sun ún, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Àgbàdo rẹ̀ ò tíì ga dé orúnkún tí koríko ti kún ilẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa, á rí i pé kì í ṣe oríṣi kan. Imí eṣú wà níbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, gbúre wà níbẹ̀. Patanmọ́ ń pa ewé dé bí ẹsẹ̀ bá ti kàn án. Ẹ̀yìn olobe, ètìpọ́nlá, yúnyún, àti ẹ̀sìsì tí ń ta ni lára, gbogbo wọn ló hù. Irúgbìn àwọn kan ti sùn sínú ilẹ̀ tipẹ́, oòrùn ni wọ́n ń retí. Atẹ́gùn àti ẹyẹ ló gbé òmíràn wá. Àwọn mìíràn sì wà tó lẹ̀ mọ́ aṣọ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ wọlé.

Ṣé ọ̀tá ni gbogbo wọn? Rárá o. Ọbẹ̀ ni gbúre àti tẹ̀tẹ̀. Ẹ̀yìn olobe àti ètìpọ́nlá, ẹ bi àwọn ẹlẹ́wẹ ọmọ lọ́jà, wọ́n á sọ iye tí wọ́n ń tà á. Àwọn tí kò wúlò fún ọbẹ̀ tàbí àgbo pàápàá ń di ilẹ̀ mú kí ọ̀gbàrá má gbé e lọ.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé nígbà tí wọ́n bá pọ̀ ní oríṣi, kò sí èyí tó lágbára láti gba gbogbo ilẹ̀. Èyí ga, èyí kúrú. Èyí ń kú lọ, èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Gbòǹgbò wọn ò jìn bákan náà, wọn ò sì jọ ń mu omi nígbà kan náà. Bí ọkọ́ bá kọjá lórí wọn lẹ́ẹ̀kan lásìkò, púpọ̀ nínú wọn ti rọ. Àgbà bọ̀, wọ́n ní igi kan ò lè dá igbó ṣe. Koríko kan ń kọ́? Ó lè dá oko bàjẹ́!

Ọdún kejì ni ìjàngbọ̀n máa ń dé. Ìyá yìí ti ń lọ sọ́jà ju bó ṣe ń lọ sóko lọ, ríro ti ń pẹ́. Oríṣi koríko á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ọ̀kan tàbí méjì á sì gorí oyè.

Èkíní ni Akíntọ́lá. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Àwọn kan ń pè é ní Akíntọ́lá ta kú, àwọn ibòmíràn sì ń pè é ní Awólọ́wọ̀, lórúkọ àwọn àgbà òṣèlú méjì tí ìjà wọn gbóná ní 1962. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù àti ti àárín ni ilé rẹ̀ gan-an. Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ẹ gbọ́ ohun tó yani lẹ́nu. Àwọn onímọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú irúgbìn mẹ̀línà tí wọ́n kó wá láti Ceylon, tí í ṣe Sri Lanka lónìí, ní 1937 ló fara pamọ́ sí. Ní 1942, wọ́n rí i lẹ́bàá Enugu. Ẹ ò rí nǹkan! Igi tí wọ́n gbé wá fún èrè ló gbé koríko tó ń bá a jà dání.

Akíntọ́lá ò burú tán. Àgbẹ̀ tó bá fi àdá gé ara rẹ̀ máa ń fún omi ewé rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ewé rẹ̀ tó bá wọ́ sílẹ̀ ń fún ilẹ̀ ní ọ̀rá. Ṣùgbọ́n tó bá dá gba oko, ó di wàhálà. Ó máa ń bo igi kékeré mọ́lẹ̀. Tata aláràbarà tí ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ fẹ́ràn òdòdó rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń gbẹ, iná kékeré sì tó láti sọ ọ́ di ìjàǹbá. Lẹ́yìn iná, òun á tún rúwé láti ìdí. Mẹ̀línà ọmọ ọdún kan ò rí bẹ́ẹ̀, ó lè jóná kú pátápátá.

Èkejì ni ẹ̀kan. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun, orí rẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ó sì lè gún iṣu wọ inú. Ẹni tó bá fi ọkọ́ gé e sí wẹ́wẹ́ tó sì fi í sílẹ̀ ti gbìn ín ni, torí ègé kọ̀ọ̀kan lè hù. Òun náà fẹ́ràn iná. Ohun kan ló ń bà á lẹ́rù, òjìji ni.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí igi bá tètè ga, òjìji rẹ̀ á pa ẹ̀kan. Bí ẹ̀kan bá kọ́kọ́ gba ilẹ̀, igi ò ní tètè ga. Ẹni tó bá ṣáájú ló ni oko. Ọwọ́ àgbẹ̀ tí ń ro ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló sì ń pinnu ẹni tí yóò ṣáájú.

Kí wá ni ṣíṣe? Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹ̀gẹ́ ò lè fara da koríko. Kí á ro ó ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin lẹ́yìn gbígbìn, kí á tún un ro ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kí á sì ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní ọ̀sẹ̀ kejìlá. Ẹ̀gẹ́ tí koríko bò láàárín àkókò yìí lè pàdánù ju ìdajì lọ. Bí wọ́n bá gbin ẹ̀gúsí sáàárín, ìtàkùn rẹ̀ á bo ilẹ̀, èso rẹ̀ á sì tún di owó lọ́jà. Kí wọ́n gé Akíntọ́lá kí ó tó tanná, kí oṣù November tó parí, torí atẹ́gùn ọyẹ́ ló ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Kí wọ́n wa ẹ̀kan tigbòǹgbò-tigbòǹgbò nígbà tó ṣì jẹ́ ojú kan, kí wọ́n sá a sóòrùn kó gbẹ. Kí wọ́n ro ìdí igi yípo kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí iná má rí ohun jẹ.

Oògùn apakoríko ń kọ́? Ó ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fọ́. Èyí tí ń pa gbogbo ewé á pa gbúre pọ̀ mọ́ ẹ̀kan, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ ẹ sára mẹ̀línà kékeré, ó di àánú. Ẹ má gbàgbé pé láti oṣù January 2024 ni NAFDAC ti fòfin de paraquat. Ẹni tó bá ṣì ń tà á fún yín ò fẹ́ràn yín.

Àwọn ará fọ́rẹ́sítì náà ní ẹjọ́ tiwọn. Bí wọ́n bá lé àgbẹ̀ kúrò kí òjìji igi tó bo ilẹ̀, ta ni yóò bá wọn ro ó? Akíntọ́lá á gba oko, iná á jó o, ẹ̀gẹ́ á wọ́n lọ́jà, káfíńtà náà á sì wá pákó tì. Kí wọ́n jẹ́ kí ìyá náà dúró títí igi á fi lè dá dúró.

Kí ló ń gba ilẹ̀ lóko tiyín? Orúkọ wo ni ẹ ń pè é ní àdúgbò yín, báwo lẹ sì ṣe ń ṣẹ́gun rẹ̀? Ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́, ojú ìwé àwọn òǹkàwé ń retí yín.