Ọ̀ràn Tischendorf àti Ìwé Tó Yá

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yin Constantin von Tischendorf, ọ̀mọ̀wé Bíbélì ará Jámánì, ẹnu òun nìkan ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́.

Ohun tó rò nìyí: lọ́dún 1844, nílé àwọn mọ́ńkì ní ẹsẹ̀ òkè Sínáì, òun bá abala awọ tí wọ́n kọ Májẹ̀mú Láéláé sí lédè Gíríìkì nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ́ fi dáná. Ó gba 43, ó kó wọn lọ sí Leipzig. Àwọn mọ́ńkì ní irọ́ ni. Ta ni yóò tilẹ̀ fi awọ ẹran yáná? Òun náà ló sì sọ pé nígbà tí wọ́n rí i bí inú òun ti dùn tó, wọ́n fi ìyókù du òun. Nígbà tó di 1975, wọ́n tún rí abala mìíràn lára ìwé yìí kan náà nílé wọn. Wọn kò sun ún.

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ọ̀jáfáfá ni. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó fi jókòó ní Paris, tó ka Májẹ̀mú Tuntun kan tí wọ́n ti ha nù, tí wọ́n sì kọ nǹkan mìíràn lé lórí. Ìwé Sínáì tí àwọn abala yẹn ti wá ńkọ́? Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin ni, Májẹ̀mú Tuntun inú rẹ̀ sì pé. Tischendorf ló tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1862 tí ayé fi rí i kà.

Àmọ́ báwo ló ṣe dọ́wọ́ rẹ̀? Lọ́dún 1859, owó Alexander Kejì, ọba Rọ́ṣíà, ló ná lọ sí Sínáì. Ní September ọdún náà, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òun yá Ìwé Sínáì ni, òun yóò sì dá a padà láìdín nígbàkígbà tí wọ́n bá béèrè. Kí ọdún tó parí, ó ti gbé e fún ọba.

Wọn a ní àwọn mọ́ńkì fi ta ọba lọ́rẹ lọ́dún 1869, wọ́n sì gba 9,000 rúbù. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá ni ìwé ti fi wà lọ́dọ̀ ọba, ìjà oyè bíṣọ́ọ̀bù àgbà sì ti da ilé wọn rú. Kí ló kù tí wọn yóò fi du ọba?

Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ẹ̀bi ọba ló wúwo jù lójú tiwa, nítorí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti dá ohun àyálò padà. Nígbà tó yá, ìjọba Stalin ní Rọ́ṣíà ló tà á fún British Museum lọ́dún 1933, ní £100,000. Àwọn mọ́ńkì Sínáì kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.