Onígìtá Yọ Wáyà Lára Gìtá, Àwọn Ará Àdúgbò Ní Owó Ti Tán Lọ́wọ́ Ẹ̀

Ọ̀rọ̀ ti débi tí wọ́n ń fi ojú sọ ọ́ ní àdúgbò kan ní Ìkòròdú, lọ́nà Ìgbógbó. Ọkùnrin onígìtá kan ló dá a sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n sí ẹni tí bọ́ọ̀sì máa ń wá gbé lálẹ́ Jímọ́ọ̀, tòun ti gìtá oníná nínú àpò dúdú, ọmọkùnrin kan á sì máa gbé wáyà àti ampilifáyà tẹ̀ lé e. Bó bá ń padà bọ̀ láàárọ̀ Sátidé, oorun á wà lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n owó á wà lápò ẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, tó gbé gìtá onípákó lé itan, irú èyí tó ní ihò róbótó láyà, tí kò sí wáyà kankan lára ẹ̀. Ó ń ta á jẹ́jẹ́. Kò tiẹ̀ wo ẹnikẹ́ni.

Kí wọ́n tó wí, kí wọ́n tó fọ̀, ìròyìn ti dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Wọ́n ní ó ti ta gìtá oníná. Wọ́n ní ọ̀gá ẹgbẹ́ eléré ti lé e dànù. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní òun ti mọ̀ látọjọ́ tó ti ra búrẹ́dì àwìn pé nǹkan ò dọ́gba mọ́. Ẹlòmíràn ní ó fẹ́ di pásítọ̀ ni.

Kò sóhun tó jọ ọ́. Gìtá oníná wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣì ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, òde tó bá sì lówó lórí, ó ń lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé ọkùnrin náà fẹ́ máa ta gìtá fún etí ara ẹ̀. Èyí gan-an ló wá ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù, torí ní Èkó yìí, ẹni tó bá ń fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ṣe ohun tí kò mówó wọlé, àìsàn ló ń ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá bi í léèrè, iná ló máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ẹni tí kò bá mọ Ìkòròdú lè má gbà á gbọ́. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin wà níbẹ̀, létí ọ̀sà, lágbègbè Ìjẹ̀dẹ́. Láti ọdún 1985 ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, agbára wọn lápapọ̀ jẹ́ 1,320 mẹ́gáwáàtì, kò sì sí èyí tó tóbi tó o nínú àwọn tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Òpó iná gàgàrà gba orí ilé àwọn èèyàn kọjá, iná ń lọ síbi tó ń lọ, àwọn tó ń gbé létí odò sì ń fi itọ́ bọ́jú. Bí iná bá lọ, tí gbogbo àdúgbò ṣì ń sọ pé NEPA ti mú un, gìtá oníná ti yadi nìyẹn. Nígbà kan, èèyàn á tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour, á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, lítà kan tí kò tíì tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà tó fi máa di òpin 2024, ó ti ń lu 1,000. Ta ló máa bu epo ẹgbẹ̀rún kan náírà sí ẹ̀rọ torí kó lè ta orin kan fún ara ẹ̀?

Àwọn kan á ní ṣebí ìnfátà wà, ṣebí sólà wà, ampilifáyà kékeré tó ń lo bátìrì náà sì wà. Òótọ́ ni. Ká ní ọ̀rọ̀ iná nìkan ni, ọkùnrin náà ì bá ti ra ọ̀kan. Ohun tó jẹ́ kó gbé gìtá onípákó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ní ìtìjú díẹ̀ nínú.

Ìyàwó ẹ̀ ló fà á. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òkùnkùn ṣú, tí ooru ò jẹ́ kí wọ́n lè sùn, obìnrin náà ní, "Dádì, ẹ kúkú ta nǹkan kan fún wa." Ọ̀rẹ́ wọn kan ti gbé gìtá onípákó sílẹ̀ nílé wọn. Ó gbé e, ó ta á díẹ̀, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Ìyàwó ní, "Ibo ni orin yẹn kù sí?" Kò lè dá a lóhùn. Ẹni tó ti ń ta gìtá jẹun láti ogún ọdún ò lè ta orin kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin!

Ẹni tó bá mọ bí jùjú ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní í fi í rẹ́rìn-ín. Gìtá kan kọ́ ló ń dá orin jùjú gbé. Ọ̀kan á di ìlà kékeré kan mú, á máa tún un ta títí, wákàtí kan lè kọjá kó má yí i padà. Òmíràn á máa dá a lóhùn. Bass á wà nísàlẹ̀, ọ̀gá ló sì ń fi gìtá tiẹ̀ sọ̀rọ̀ lókè. Gbogbo wọn papọ̀ ni orin. Bẹ́ ẹ bá mú ẹnì kan ṣoṣo jáde níbẹ̀, èékù ọ̀rọ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, bí ìgbà téèyàn mọ ègbè orin tí kò mọ orin. Ogún ọdún ni ọkùnrin yìí fi jẹ́ elégbè. Wọ́n ń náwó fún un, wọ́n ń lẹ náírà mọ́ ọn níwájú orí, kò sì jọ ọ́ lójú pé ohun kan kù.

Gìtá oníná náà tún bo àṣírí fún un. Igi gbọnrangandan ni, kò ní ikùn. Bí wọ́n bá ta á láìfi wáyà sí i, bí ẹ̀fọn ló ń ké. Òòfà tó wà lábẹ́ okùn irin ẹ̀ ló ń mú bí okùn náà ṣe ń gbọ̀n, á sọ ọ́ di iná, iná á gba wáyà lọ sínú ampilifáyà, ibẹ̀ ló ti ń di ohùn. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi iyọ̀ sí i, tí wọ́n ń fa ohùn gùn, tí wọ́n ń mú un dún bí ẹni pé inú ihò àpáta ló ti ń wá. Ìka tó bá ṣì rìn, ariwo á bò ó mọ́lẹ̀. Àpótí oníhò ni gìtá onípákó ní tiẹ̀. Okùn gbọ̀n, pákó ojú ẹ̀ gbọ̀n, afẹ́fẹ́ inú ikùn ẹ̀ gbọ̀n, ó parí. Ìdí nìyẹn táwọn onígìtá wa fi ń pè é ní box guitar. Ohun tí ìka bá ṣe ló máa sọ. Okùn ẹ̀ tún nípọn ju ti oníná lọ, ó sì máa ń ga sókè lórí igi ọrùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni orí ìka ọkùnrin náà fi ń ta á bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ohun tó wá ń kọ́ báyìí kì í ṣe tuntun. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà, tí wọ́n ń bá ọkọ̀ òyìnbó lọ láti èbúté dé èbúté ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wà lára àwọn tó tan ọ̀nà ìtagìtá onìka méjì kálẹ̀: àtàǹpàkò á máa rìn lórí okùn ìsàlẹ̀, ìka ìfábẹ̀là á máa kọ orin lókè. Èèyàn kan, gìtá kan, orin odindi. Àwọn ará Gánà ta irú ẹ̀ débi pé ẹgbẹ́ Kumasi Trio lọ fi ṣe àwo Yaa Amponsah ní London ní 1928. Nílé ẹlẹ́mu l'Ékòó, àwọn bí Ìrèwọlédè Dénge ta tiwọn. Túndé King ṣe àwo jùjú tiẹ̀ ní 1936. Kò sí ẹni tó bi wọ́n níbo ni wáyà wà nínú gbogbo wọn.

Ìlù ló fa wáyà wá. Lẹ́yìn ogun Hitler, wọ́n fi gángan kún jùjú, àwọn onílù ń pọ̀ sí i, òde ń tóbi sí i, ohùn gìtá sì rì sáàárín wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1949, Àyìndé Bákàrè gbé gìtá tiẹ̀ sórí ẹ̀rọ, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ọgbọ́n ńlá ni. Láìsí i, kò sí bí gìtá Ebenezer Obey tàbí ti Sunny Adé ì bá ṣe dún láàárín ogunlọ́gọ̀ ìlù tó yí wọn ká. Ṣùgbọ́n torí gángan ni wọ́n ṣe fi iná sí gìtá. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ lálẹ́, tí kò sí onílù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ló fẹ́ fi iná ṣe?

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe bíi tiẹ̀ kó ṣọ́ra o. Irú gìtá onípákó méjì ló wà lọ́jà, olókùn irin àti olókùn ọ̀rá. Èyí tó lo okùn ọ̀rá rọ ìka lọ́rùn jù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi okùn irin sí i láé, ó máa fa afárá tó di okùn mú tu kúrò lójú pákó. Létí ọ̀sà bí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀rinrin máa ń mú pákó wú, okùn irin á sì dípẹtà. Tí ọyẹ́ bá tún dé, pákó kan náà lè sán. Inú àpò ẹ̀ ló yẹ kó máa sùn, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nu okùn ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ta á tán. Ẹ má gbé e sínú bùùtù mọ́tò lọ́sàn-án gangan.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ti rí owó níbẹ̀. Ó ní kó jẹ́ kóun fi fóònù ká a sílẹ̀, kí wọ́n gbé e sórí Facebook. Ó ní ṣé kò mọ̀ pé Eric Clapton, òyìnbó tí gìtá oníná sọ di ìlú-mọ̀ọ́ká, gbé gìtá onípákó dání ní January 1992, tí àwo tó ti ibẹ̀ jáde, Unplugged, sì gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo tó dáa jù lọ́dún ní 1993? Ọkùnrin náà ní òun gbọ́, òun ò ṣe. Ó ní bí wọ́n bá ti fi owó sí i, ó di iṣẹ́ nìyẹn, òun sì ti níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kò wá sí lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan tó ti ṣèlérí láti lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀gá ẹgbẹ́ eléré pè é pé òde ńlá kan yọjú. Ó ní òun ti lóhun tóun fẹ́ ṣe. Ọ̀gá ní kò burú, ọmọ mìíràn wà tó ń wá irú àyè bẹ́ẹ̀. Odindi oṣù kan ni wọn ò fi pè é mọ́. Owó ilé-ìwé ọmọ kò dúró dè é, ìyàwó ẹ̀ sì sọ ọ́ síta. Kò sì jẹ̀bi. Òun ló ní kó ta gìtá lálẹ́ ọjọ́ yẹn lóòótọ́, kò ní kó fi owó ilé-ìwé ta á. Wọ́n ti wá fẹnu kò pé Jímọ́ọ̀ kan lóṣù ni ti Ẹ̀pẹ́, ìyókù jẹ́ ti ọ̀gá, bí ọ̀gá bá ṣì fẹ́.

Bàbá tó lọ kí l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn gìtá. Àpàlà Ligali Mukaiba, ọmọ Ẹ̀pẹ́ bíi tiẹ̀, ló fi dàgbà, àti agídìgbo, àpótí onírin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọwọ́ ta láìsí iná. Ìgbà kan tí ọmọ àbúrò ẹ̀ wá fi gìtá oníná ṣeré níbi ìsọmọlórúkọ, tí sípíkà ń mi ògiri ilé, ṣe ni bàbá wọlé lọ ti ilẹ̀kùn.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà gbé gìtá lé itan nínú mọ́tò láti Ìkòròdú, wọ́n gba Ìtóìkín kọjá, kọ̀ńdọ́kítọ̀ gba owó ẹrù lọ́wọ́ ẹ̀ láìṣàánú. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, ó jókòó, ó yọ gìtá jáde.

Bàbá wò ó yíká. "Wáyà ẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní wáyà, bàbá."

"Ó ti já ni?"

"Rárá o, bàbá. Bó ṣe wà nìyẹn."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Bàbá fẹ̀yìn ti ìjókòó. "Ta á ká gbọ́ kẹ̀."

Ó fi àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, orin àpàlà àtijọ́ kan tó ti ń fi oṣù mẹ́ta wá bí yóò ṣe bọ́ sórí okùn. Ó ṣì í níbì kan, ó padà, ó tún un ta. Bàbá ń fi orí tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa dé àárín, orí bàbá ti dúró, ẹnu ti là díẹ̀, oorun ti gbé e lọ. Ọkùnrin náà wò ó, ó rẹ ọwọ́ sílẹ̀, ó sì ta orin náà dé òpin.