Ta ni Yóò Sanwó fún Ẹni Tó Ń Ròyìn Omíyalé?

Bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí méjì péré ní Ìsọlọ̀, ẹni tó ń gbé lẹ́bàá kánáàlì Òkè-Afà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé àyípadà ojú-ọjọ́ fún un. Àwọn ará Èkó ti sọ ọ́ tipẹ́: omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó nílò ni kí ẹnìkan sọ fún un, kí òjò tó dé, ibi tí omi yóò gbà, ẹni tó yẹ kó kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, àti ohun tí wọ́n fi owó kánáàlì ṣe. Iṣẹ́ oníròyìn nìyẹn, iṣẹ́ náà sì ń gba owó.

Ọdún 2020 fi hàn wá bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe le tó. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Abuja nítorí àrùn Kòrónà. Ààrẹ Buhari yọ àwọn oníròyìn tí kò lè ṣiṣẹ́ láti ilé kúrò nínú òfin náà. Ó dára, ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda kì í ṣe owó oṣù. Ọjà tì, àwọn ilé-iṣẹ́ dín ìpolówó kù, bẹ́ẹ̀ owó ìpolówó ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn àti rédíò gbójú lé. Ìgbà tí a nílò oníròyìn jù ni àpò wọn gbẹ jù.

Òjò kò sì dúró de Kòrónà. Wọ́n ní ká jókòó sílé. Ta ni yóò jókòó sínú ilé tí omi ti dé orí bẹ́ẹ̀dì? Wọ́n ní ká takété síra wa. Báwo ni ìdílé mẹ́ta tó sá sí yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò ṣe takété? Ẹni tó ń ròyìn àrùn nìkan kò ní rí èyí, ẹni tó ń ròyìn òjò nìkan kò ní rí i. Ó gba ẹni tí wọ́n sanwó fún láti pẹ́ ládùúgbò títí yóò fi rí ibi tí ìṣòro méjèèjì ti pàdé.

Lóòótọ́, owó wà. Ní ọdún 2020 kan náà, Facebook kéde 100 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìròyìn, Google náà dá owó pàjáwìrì sílẹ̀. Earth Journalism Network, tí àjọ Internews dá sílẹ̀ ní 2004, máa ń fún àwọn oníròyìn lówó láti kọ̀ròyìn nípa àyíká. Mo kan sáárá sí wọn. Ohun tó ń dùn mí ni ti èdè.

Ẹ̀yin ará ilé ẹ̀kọ́ wa, kí ni Yorùbá ń pe “climate resilience”? Ẹnìkan lè ní “ìfaradà”. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fara dà á kàn ń jìyà ni, bí ìjọba ṣe máa ń ní ká mú sùúrù. “Ìgbáradì” sún mọ́ ọn jù: kí omi tó dé, kí a ti mọ ibi tí a ó gbà. Oníròyìn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò ní bá ìṣòro yìí pàdé láéláé. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ìsọlọ̀ kò sì ní ka ìròyìn rẹ̀.

Òkè-Afà mọ ohun tí àìgbọ́ ìròyìn ń fà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní, 2002, àdó olóró bú ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà. Àwọn èèyàn ń sá láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ já sínú kánáàlì Òkè-Afà tí ewéko bò lójú, wọ́n sì kú sómi. Ohun tó bú kò sí nítòsí wọn rárá. Kì í ṣe òjò ló pa wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kan omíyalé pẹ̀lú: ìròyìn tó tètè dé, ní èdè tí a gbọ́, ń gba ẹ̀mí là.

Ẹnìkan á ní ẹni tó bá fún oníròyìn lówó ni yóò máa darí ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe àsọdùn. Ṣùgbọ́n oníròyìn tí kò gba owó oṣù ni ẹ̀gúnjẹ ń tètè mú. Owó tí wọ́n kéde níta gbangba, tí a mọ ẹni tó fún un, sàn jù ú lọ.

Nítorí náà, kí àwọn tó ń fúnni lówó ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún rédíò àti ìwé ìròyìn èdè abínibí. Kí wọ́n gba ìwé ìbéèrè tí a kọ ní Yorùbá. Kí wọ́n san apá kan ṣáájú, torí ẹni tí kò lówó ọkọ̀ kò lè dé ibi tí omi ti ya. Ọdún 1859 ni Ìwé Ìròyìn ti ń jáde ní Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Èdè wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ní tiwa ní ẹ̀ka yìí, ẹ jẹ́ ká bá wọn ṣe ọ̀rọ̀-ìperí tí ará àdúgbò yóò gbọ́. Òjò ọdún tó ń bọ̀ kò ní béèrè bóyá a ti ṣe tán.