Nọ́ńbà Àṣírí Kì Í Ṣe Ohun Àjọni

 Ẹ̀yin ará wa ní Sábọ̀n Gàrí, ọ̀rọ̀ olè ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Kì í ṣe olè tí ń fọ́ ìsọ̀, bí kò ṣe èyí tí ń gba inú fóònù wọlé.

Bí ó ti ń ṣe é nìyí. Yóò pè yín, yóò fi Yorùbá tí ó já gaara kí yín, yóò dárúkọ Alága tàbí Ìyá Ẹgbẹ́. Yóò ní Ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ìpàdé lórí fóònù, pé nọ́ńbà mẹ́fà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ jọ̀wọ́ kà á fún òun. Bí ẹ bá kà á, ó parí. Kọ́kọ́rọ́ WhatsApp yín ni. Yóò gbé e sórí fóònù tirẹ̀, yóò tì yín síta, yóò sì máa fi orúkọ àti àwòrán yín kọ̀wé sí àwọn ènìyàn yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èkó pé ẹ wà nínú ìṣòro, kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ kíákíá.

Ó rọrùn láti fi èyí mú àwa ará ẹ̀yìn odi, nítorí a kì í béèrè ìdí púpọ̀ kí a tó ran ara wa lọ́wọ́. Nítorí náà, ìbáà ṣe ohùn Alága gan-an ni ẹ gbọ́, ẹ má ka nọ́ńbà náà fún un. Bí owó ni wọ́n kọ̀wé béèrè, ẹ pe onítọ̀hún lórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ tún wọ Settings nínú WhatsApp, lẹ́yìn náà Account, ẹ ó rí Two-step verification. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti yan nọ́ńbà mẹ́fà mìíràn fúnra yín, tí yóò jẹ́ ilẹ̀kùn kejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìwé ìròyìn wa náà. Gbogbo ìgbà ni a ń tẹ ọjọ́ ìkómọjáde àti ọjọ́ ìgbéyàwó jáde. A kò ní dáwọ́ rẹ̀ dúró, inú wa ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìyá ìbejì tí ó fi ọdún tí a bí wọn ṣe píìnì káàdì báńkì rẹ̀, àwa gan-an ni a bá a kéde rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin lè jẹ́ oríṣi 10,000. Ẹni tí ó bá lo ọdún ìbí ti dín in kù sí bí 100.

Ní ti páásíwọ́ọ̀dù, orúkọ ìlú ẹni kò dára, orúkọ àkọ́bí kò dára, bí a tilẹ̀ fi 123 sí ìdí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní kí a kó àmì oríṣiríṣi jọ. Ní 2017 ni NIST, ilé iṣẹ́ òṣùwọ̀n ti ìjọba Amẹ́ríkà, yí ìmọ̀ràn náà padà pé gígùn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan, bí agbòjò, kúlíkúlí, àkàbà, àwòdì. (Ẹ má lo ìwọ̀nyí o, a ti tẹ̀ wọ́n jáde.) Òwe kò dára: gbogbo wa ló mọ ìparí rẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tì í mọ́ àpótí nílé. Olè orí fóònù kò lè dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ń wọ A Daidaita Sahu, ẹ fi píìnì sí SIM yín pẹ̀lú. Ẹni tí ó já fóònù gbà lè yọ SIM sínú fóònù tirẹ̀, kí ó máa tẹ nọ́ńbà báńkì oníràwọ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè píìnì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ó ni SIM, nítorí bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò tì.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín fi í pamọ́. Ẹ pe àwọn ará ilé. Ẹ tún WhatsApp ṣí lórí fóònù yín, kí ẹ béèrè nọ́ńbà mẹ́fà tuntun. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, olè náà yóò jáde. Bí ó bá ti fi ilẹ̀kùn kejì tirẹ̀ sí i, ẹ ó dúró fún ọjọ́ méje kí ẹ tó wọlé, ṣùgbọ́n òun náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá sì ti fi owó ránṣẹ́, kí ó pe báńkì rẹ̀ ní wákàtí náà gan-an.